“Ṣé Ibẹ̀ Kò Léwu?” Ọ̀rọ̀ Ààbò fún Àwa Àjòjì ní Trinidad

 

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, tí àwọn ọmọ titun bá ń múra àtiwọlé sí Yunifásítì ti West Indies ní St Augustine, tẹlifóònù àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa kì í sinmi mọ́. Bàbá kan á pè láti Ìbàdàn, ìyá kan á pè láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀gbọ́n kan á pè láti Peckham. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: “Ẹ jọ̀ọ́, a gbọ́ pé wọ́n ń yìnbọn pa ènìyàn níbẹ̀ bí ẹni ń pa ẹyẹ. Ṣé ibẹ̀ kò léwu fún ọmọ wa?” Àwọn kan a máa dáhùn pé kò sí ewu kankan, kí òbí lè rí oorun sùn. Àwọn mìíràn a máa kó ìtàn olè jọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ń bọ̀ á fẹ́ dá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú padà. Ìdáhùn méjèèjì kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn wa bí ó ti rí gan-an.

Iye ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí iye kì í ṣe ojúsàájú. Gbogbo ènìyàn tí ń gbé ní Trinidad and Tobago kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 1.4 lọ, wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tí ń gbé Èkó. Ní ọdún 1999, ènìyàn 93 ni wọ́n pa ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ó fi di 2008, iye náà ti lé ní 540. Ní 2022 ó kọjá 600, ní 2024 ó kọjá 620. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò á rí i pé nínú gbogbo ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, nǹkan bí 45 ni wọ́n pa ní ọdún kan ṣoṣo náà. Ní 2025 iye náà já wálẹ̀ gan-an, kò tó 400, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé oòrùn yọ ní ọjọ́ kan kí a gbé agboòrùn jù sínú igbó.

Ta wá ni wọ́n ń pa? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ náà, ìbọn ni wọ́n sì fi ń pa wọ́n, ní àdúgbò díẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ wọn: Laventille, Morvant, Beetham, Sea Lots, àti apá kan ní àárín ìlú Port of Spain. Àwọn ẹgbẹ́ jàǹdùkú ni wọ́n ń bá ara wọn jà. Wọn kì í rọ ìbọn wọ̀nyí ní Trinidad. Púpọ̀ nínú wọn ń ti Amẹ́ríkà wá nínú ẹrù ọkọ̀ ojú omi, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi aṣọ àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Kokéènì ń ti Gúúsù Amẹ́ríkà gba ibẹ̀ kọjá, nítorí ní ibi tí Trinidad ti súnmọ́ Venezuela jù, omi tí ó wà láàárín wọn kò ju nǹkan bí kìlómítà 11 lọ. Ẹ wá fi iṣẹ́ ìjọba kún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi ná owó lórí títún gọ́tà àti ojú ọ̀nà ṣe kí àwọn tí kò níṣẹ́ lè rí nǹkan ṣe, àwọn ọ̀gá jàǹdùkú sì rí ọ̀nà tọwọ́ bọ inú owó náà ní àdúgbò wọn, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ pa ara wọn. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn agbèrò ti ń jà sí gáréèjì nílé kò ní béèrè àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Wọ́n ṣe òfin lórí ẹgbẹ́ jàǹdùkú ní 2011, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 2018. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì, pẹ̀lú òfin kónílé-ó-gbélé ní alẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 2024 wọ́n tún kéde òmíràn, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa ènìyàn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà ní Laventille. Èyí kò ní kónílé-ó-gbélé nínú, ó sì wà títí di oṣù kẹrin 2025. Kí a tó mí kanlẹ̀, ní oṣù keje ọdún náà, òmíràn tún dé. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àwa àjòjì ni pé nígbà tí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà lóde, ọlọ́pàá àti sójà lè dá ọ dúró, wọ́n lè yẹ ara rẹ àti ilé rẹ wò láìgba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́, wọ́n sì lè tì ọ́ mọ́lé lórí ìfura. Káàdì yunifásítì kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ. Ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù àti ti ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó wà nínú àpò rẹ; ojúlówó wọn, ilé ni kí ó wà. Bí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró, má ṣe gbó o lẹ́nu. Gírámà tí a kọ́ nílé ìwé kò wúlò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní agogo mọ́kànlá alẹ́.

Ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti Nàìjíríà wá. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ó gbóná ní Trinidad: àwọn oníṣòwò, pàápàá àwọn tí ìran wọn ti Íńdíà wá, ni wọ́n ń jí gbé, tí wọ́n sì ń béèrè owó ìdáǹdè lórí wọn. Ó ti rọlẹ̀ sí ti ìgbà náà, kò sì tíì kan ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan. Ṣùgbọ́n àwọn kan níbẹ̀ gbà pé bàbá gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló ní kànga epo lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ṣéènì góòlù lọ sí kíláàsì, ẹ̀yin ni ẹ ń fún wọn ní ẹ̀rí.

Èyí tí ó kàn wá jù lọ ni ọ̀rọ̀ mọ́tò, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní Trinidad, lẹ́tà tí ó ṣáájú nọ́ńbà mọ́tò ni yóò sọ irú mọ́tò tí ó jẹ́. P ni ti mọ́tò aládàáni. H ni ti táksí tí ó gba ìwé àṣẹ. R ni ti mọ́tò tí wọ́n ń háyà, T sì ni ti ọkọ̀ akẹ́rù. Táksí wọn kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn kan ń dá gbé. Ojú ọ̀nà kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹni mẹ́rin á jókòó sínú rẹ̀, oníkálukú á san tirẹ̀. Kò sì ní àwọ̀ kan pàtó, nítorí náà bí ojú rẹ kò bá wo nọ́ńbà, o kò lè dá a mọ̀. Maxi-taxi ni danfo wọn, bọ́ọ̀sì funfun tí wọ́n fa ìlà àwọ̀ sí lára. Ìlà pupa ni ti ọ̀nà ìlà-oòrùn, láti Port of Spain gba Curepe àti Tunapuna dé Arima, tiwa nìyẹn. Aláwọ̀ ewé ń lọ sí ọ̀nà Chaguanas àti San Fernando, aláwọ̀ yẹ́lò ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì àti maxi láti Port of Spain dé Arima, ojú irin rélùwéè àtijọ́ ni, nítorí náà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kì í bá maxi fínra tó àwọn mọ́tò yòókù. Ẹni tí ó bá ti wọ danfo láti Ọ̀jọ́ta dé Ọbáléńdé rí kò ní rí maxi kó bínú. A tilẹ̀ ń gbádùn orin inú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni PH. PH ni kabúkabú: mọ́tò P tí olówó rẹ̀ ń fi gbérò bí ẹni pé H ni. Òfin kò gbà á, gbogbo ayé sì ń wọ̀ ọ́, nítorí pé maxi kì í tó ní alẹ́, òjò kì í sì í kọ́kọ́ béèrè bóyá o ti délé kí ó tó rọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ awakọ̀ PH ni ọmọlúàbí, òṣìṣẹ́ tí ń wá owó kún owó. Ṣùgbọ́n a kò kọ ìwà sí iwájú orí. Ní ìparí oṣù kọkànlá 2020, ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan wọ PH, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ òkú rẹ̀ ni wọ́n rí. Ní ìparí oṣù kìíní 2021, ọmọbìnrin mìíràn tí ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù ní Arima wọ mọ́tò láti relé lẹ́yìn iṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, orí òkè ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni ó jáde pẹ̀lú àbẹ́là, Aláwọ̀dúdú, ará Íńdíà, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, Híńdù, onígbàgbọ́ òrìṣà. Ní ọdún náà ni wọ́n tún òfin ṣe tí ó fi ṣeé ṣe láti mú agolo ata tí à ń fín sójú ọ̀daràn dání, bí ènìyàn bá ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ má ṣe rà á lábẹ́lẹ̀ o. Ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ, òun ni òfin máa mú.

Ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ PH kan ilé wa. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí ń kọ ìwé fún oyè ọ̀mọ̀wé wọ mọ́tò kan ní Curepe lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí maxi kò wá mọ́. Ènìyàn méjì ti wà nínú rẹ̀, wọ́n jókòó bí èrò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ wọnṣáànsì Èkó ti mọ ìyókù. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n gba owó, wọ́n gba báàgì tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì já a sílẹ̀ ní ẹ̀bá oko ìrèké àtijọ́ kan tí igbó ti bò. A dúpẹ́ pé wọn kò pa á lára. Àgọ́ ọlọ́pàá tí ó kọ́kọ́ dé ní kí ó padà wá ní ọjọ́ kejì nítorí ẹni tí ń kọ ẹjọ́ kò sí lórí ìjókòó. Nígbà tí mẹ́ta nínú wa bá a padà lọ, wọ́n kọ ọ́. Fóònù ṣeé rà, owó ṣeé yá. Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́rìnlá lórí àìsàn igi kòkó ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ìlàjì rẹ̀ wà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, ìlàjì yòókù ni ẹ̀gbọ́n wa tún ń wọ oko lọ kó jọ báyìí, lábẹ́ oòrùn, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí ó kù oṣù márùn-ún kí ó tán. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ má bi í pé níbo ni iṣẹ́ dé. Ẹ bá a wọ oko ní ọjọ́ Sátidé.

Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ fún àwọn ọmọ titun: wo lẹ́tà nọ́ńbà kí o tó na ọwọ́, kí o sì rántí pé ayédèrú nọ́ńbà H kò ṣòro ṣe, nítorí náà ibi tí táksí ti ń tò ni kí o ti wọ̀ ọ́, kì í ṣe èyí tí ó dúró ṣe ọ́ ní pẹ̀lẹ́ lójú títì. Mọ́tò tí ọkùnrin méjì ti wà nínú rẹ̀, jẹ́ kí ó máa lọ. Fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan kí o tó jókòó, kí awakọ̀ sì rí i pé o ń ṣe é. Gbogbo iṣẹ́ ìwé rẹ, ní ẹ̀dà kejì ní ibòmíràn, ní alaalẹ́.

Àwọn àjòjì mìíràn ní ìṣòro tiwọn. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ epo àti gáàsì ń gbé lẹ́yìn géètì ní Westmoorings, gáàdì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ní Tobago, níbi tí àwọn òyìnbó tí ó fẹ̀yìn tì ti ń ra ilé sí etí òkun, wọ́n pa tọkọtaya ará Sweden kan ní 2008, wọ́n fi àdá ṣá tọkọtaya ará Britain kan nínú ilé wọn ní 2009, wọ́n sì pa tọkọtaya ará Jámánì kan ní etí òkun ní 2014. Ilé tí ó dá wà, tí aládùúgbò kò lè gbọ́ igbe inú rẹ̀, lè kó ènìyàn sí wàhálà. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń wá yàrá. Yàrá olówó pọ́ọ́kú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà tí kò ní iná, tí onílé kò gbé inú rẹ̀, kò pọ́ọ́kú. Kí ẹ sì má ṣe san owó ilé fún ẹnikẹ́ni láti Nàìjíríà kí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó fi ojú rí ilé náà. Àwọn oníjìbìtì níbẹ̀ kò ju tiwa lọ ní ọgbọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò kéré sí wọn.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kò fi rọrùn fún wa. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ dé Laventille rárá. Àwọn onílé wa ń sọ bẹ́ẹ̀, awakọ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbé ibẹ̀? Lẹ́yìn tí òwò ẹrú dópin ní ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkọ̀ ogun wọn a máa gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrú lórí òkun. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad, títí di ọdún 1860 sókè, jẹ́ ọmọ Yorùbá. Wọ́n tẹ̀dó sí Belmont àti ìlà-oòrùn Port of Spain, ní ẹsẹ̀ òkè Laventille gan-an, tí orúkọ “Yoruba Village” fi wà níbẹ̀ títí di òní. Maureen Warner-Lewis kó ọ̀rọ̀ àti orin tí àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì rántí jọ, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1996. Àwọn tí ń bọ Ṣàngó, Ògún àti Ọ̀ṣun níbẹ̀ kò kọ́ ọ nínú ìwé. Lọ́wọ́ ìyá wọn ni wọ́n ti gbà á, ìjọba sì fi òfin fọwọ́ sí ìgbéyàwó wọn ní 1999. Ilé ìlù páànù ni òkè náà pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ Desperadoes tí gbogbo ayé mọ̀ ni òkè Laventille ti dìde, ìbọn ni ó sì lé wọn sọ̀kalẹ̀, nítorí ẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn onílù lè gòkè wá ṣe ìfidánrawò lálẹ́ mọ́. Ẹni tí ìbọn ń pa jù níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìbátan wa.

Nítorí náà a kò fara mọ́ àwọn tí ń sọ fún ọmọ titun pé “ẹranko ni wọ́n”. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọjọ́ ìsinmi ìdásílẹ̀ lóko ẹrú, ìyá àgbà kan tí ó ti òkè náà wá di ọwọ́ ọ̀kan nínú wa mú, ó ka orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ fún un, orúkọ Ẹ̀gbá pọ́ńbélé. A ti lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sán gangan ni a lọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni ó wá fi mọ́tò gbé wa, òun náà ni ó sì gbé wa padà kí agogo mẹ́rin tó lù. Báyìí ni kí ẹ máa ṣe é: ẹ lọ nígbà tí onílé bá pè yín, kí onílé sì mú yín wọlé.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti ìwé kù díẹ̀. Ọlọ́pàá ni 999, ọkọ̀ aláìsàn ni 811, panápaná ni 990. Bí wọ́n bá jà ọ́ lólè, lọ fi ẹjọ́ sùn kí o sì gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pásípọ́ọ̀tù titun yóò pẹ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn kan nínú wa kì í lọ, nítorí ọjọ́ inú ìwé àṣẹ wọn ti kọjá. Àwọn olè náà mọ èyí. Bí ìwé rẹ bá ti fẹ́ tán, sọ fún akọ̀wé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí a bá ọ tò lọ sí Immigration. Ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà wà ní Port of Spain. Wọ́n lè fún ọ ní pásípọ́ọ̀tù, wọ́n lè wá wò ọ́ ní àhámọ́, wọ́n lè ránṣẹ́ sílé. Wọn kò lè sọ pé kí ọlọ́pàá tú ọ sílẹ̀. Àti ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn ọmọ Yahoo ṣe pọ̀ láti yàrá yín, ẹ̀yin ni ẹ ń jẹ́ kí báńkì máa wo gbogbo wa bí olè. A ti sọ ọ́.

Ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá ni àríyànjiyàn ti gbóná. Àwọn ọkùnrin dábàá pé kí obìnrin kankan má jáde mọ́ lẹ́yìn agogo méje. Àwọn arábìnrin wa kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí iṣẹ́ rẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò kì í parí kí ó tó di agogo mẹ́wàá, béèrè pé ṣé kí òun lọ sọ fún olùkọ́ òun pé ẹgbẹ́ ní kí òun má gboyè ni. Kò sí ẹni tí ó rí èsì fún un. A ro ọ̀rọ̀ náà, a sì rí i pé ẹ̀tọ́ ni ó sọ: ẹni tí ó ní mọ́tò nínú wa ni kí ó jáde, kì í ṣe ẹni tí ó ní iṣẹ́ ni kí ó wọlé.

Nítorí náà, láti ọjọ́ Mọ́ńdè tí ń bọ̀, mọ́tò ẹgbẹ́ mẹ́rin yóò máa dúró ní ẹnu géètì yunifásítì ní agogo mẹ́jọ àti agogo mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, Mọ́ńdè sí Fúráídè, láti gbé ẹnikẹ́ni tí ń lọ sí Curepe, Tunapuna tàbí St Augustine. Ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ọkùnrin àti obìnrin. Owó epo yóò ti inú àpò ẹgbẹ́ wá. Awakọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdeè àti Fúráídè kò tíì pé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìwakọ̀ tí ó péye, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ọjọ́ Sátidé tó kọjá. Ìpàdé oṣù yìí sì ti kúrò ní agogo méje alẹ́. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni, ní ibi tí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù yóò sì wà.